Owó Obì Tí Áàpù Kò Mọ̀

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Muṣin, àti ẹ̀yin ìyá tí a jọ ń yan ẹja ní Makòkó, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí ní Ṣábẹ̀. Bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, ẹ̀rín á gbà á lápá kan, ẹkún á gbà á lápá kejì, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀nà ló dẹ́rù bà mí. Fóònù ọwọ́ mi ni.

Kí n tó kúrò nílé

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ilé-iṣẹ́ wa ní Yábàá ń ta ààrò tí kì í rú èéfín púpọ̀, èmi ni mo sì máa ń lọ jókòó ti àwọn tó rà á títí wọn á fi mọ̀ ọ́n lò. Lọ́dún yìí, àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn Kùtọnú lọ́hùn-ún, ra ogún ààrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ní kí n lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, èmi náà kò sì gbọ́ Faransé kankan ju "mẹsí" lọ.

Àǹtí Bísóyè, olórí akáńtì wa, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo áàpù tuntun. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá náwó lẹ́nu iṣẹ́, yóò kọ ọ́ sínú pépà, Àǹtí á bú u díẹ̀, á sì san án. Wọ́n ní ìyẹn ti parí. Báyìí, owó ara rẹ ni wàá fi ná an. Wàá ya rìsíìtì ní fọ́tò, wàá kọ orúkọ ẹni tó gbowó àti ohun tó gbà á fún, ẹnì kan tó jókòó sí Nàìróbì á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àmì kan á di àwọ̀ ewé, owó rẹ á padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àmì á pọ́n.

"Bí kò bá wá sí rìsíìtì ńkọ́, Àǹtí?"

"Kọ àlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì, kó kúrú. Má lọ pìtàn fún un o. Áàpù kò ní sùúrù bíi tèmi."

"Àǹtí, ṣé sùúrù lẹ pe èyí tẹ́ ẹ ní yẹn?"

"Morẹ́nikẹ́, jáde ní ọ́fíìsì mi."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín tán. Owó kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi tó lè gbé mi dé Ṣábẹ̀, owó etí Ayọ̀ sì ni.

Ẹ mọ Ayọ̀, ọmọ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta, kò tíì pè mí ní Màmá rí. Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í yí orí. Ìyá ọkọ mi ń sọ pé ọmọ tó bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ọgbọ́n ló ń kó jọ. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan wò ó, ó ní kí a lọ yẹ etí rẹ̀ wò, a sì gba ọjọ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.

Bàbá Ayọ̀ wojú mi títí.

"Owó etí ọmọ lo fẹ́ gbé rìnrìn-àjò?"

"Ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n á ti dá a padà. Ẹ wò ó, áàpù ló ń ṣe é, kì í ṣe èèyàn."

"Áàpù," ló wí, bí ẹni ń pe orúkọ àna tí kò fẹ́ràn.

Kùtọnú

Ní Kùtọnú, mo wọ̀ sí ilé àlejò kan. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò kí mi, kò bi mí bóyá mo ti jẹun, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ṣùgbọ́n kí n tó bèèrè rìsíìtì, ó ti lu òǹtẹ̀ sí i, ó ti tì í sí mi. Mo yà á ní fọ́tò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ tó gbé wa lọ sókè fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní. Ìyẹn náà, àwọ̀ ewé.

Inú mi dùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé ibi tí wọn kò ti kí èèyàn yìí rọrùn fún áàpù o.

Ṣábẹ̀

Òkè ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ rí ní Ṣábẹ̀, àwọn òkè olókùúta ńlá tó jókòó sórí ilẹ̀ títẹ́jú bí àgbà tó jókòó láàárín ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn gàrí tútù. Wọ́n mú mi lọ sí ilé ìyá tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan gàrí. Màmá ni gbogbo ayé ń pè é, àtọmọdé àtàgbà, títí kan ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kí èèyàn ní Muṣin, mo sì dìde. Màmá ṣì ń kí mi. Mo tún kúnlẹ̀. Ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè ìyá ọkọ mi, ó béèrè àwọn ará ilé tí kò rí rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde tí mo tún padà sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó yí agbada ká bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Èkó, kí ló ń lé ẹ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Wọn kì í kúnlẹ̀ ní Èkó. Wọ́n kàn ń tẹ̀ díẹ̀ ni, bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ ńkọ́?"

N kò mọ ohun tó dé. Kò sí ẹni tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè yẹn ní Èkó kó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Obìnrin yìí dúró. Mo bá sọ fún un, lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, pé etí ọmọ mi kò gbọ́ràn dáadáa, pé a ó yẹ̀ ẹ́ wò bí mo bá padà. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n bọ́ sílé wá jẹun.

Iyán ni, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti wàrà díndín tó ń dún lẹ́nu. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará ilé wa, àwa kò tíì jẹ iyán rí. Èyí tí à ń jẹ, ìbátan rẹ̀ ni.

Èdè wọn dà bí tiwa tó wọ aṣọ mìíràn. Faransé ni wọ́n ń lú mọ́ ọn bí àwa ṣe ń lú Gẹ̀ẹ́sì mọ́ tiwa. Ohùn mi ló ń yà wọ́n lẹ́nu jù. Bí mo bá ń fi ààrò hàn wọ́n, tí mo ní, "Ẹ má fi igi tó tutù sí i o!", wọ́n á ní, "Ṣé ìjà ni, àbí ẹ̀kọ́?" Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọdé àdúgbò ti ń pè mí ní "Má-fi-igi-tútù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ sanwó oúnjẹ àti yàrá. Mo ní, "Màmá, èló ni kí n san?"

Màmá wò mí bí ẹni tí kò gbọ́, ó sì yí padà sí gàrí rẹ̀. Ífẹ́tì, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, fi ìgúnpá gún mi.

"Àǹtí, wọn kì í sanwó fún Màmá. Ṣé ilé ìtura nibí ni? Ẹ fi sábẹ́ àwo, kí ẹ ní kí wọ́n fi ra obì."

Ojú tì mí, nítorí pé ohun tí ìyá mi kọ́ mi nìyẹn, Èkó ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà, owó ìlú wọn, sábẹ́ àwo. "Màmá, ẹ fi ra obì." Màmá mú un láìwò ó. "Obì á wúlò," ló wí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láràárọ̀.

Ẹ wá wo ìyà. Ta ló ń gba rìsíìtì obì? Áàpù ní kí n kọ orúkọ ẹni tó gbowó. N kò mọ orúkọ Màmá; ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í dìde kó bèèrè orúkọ àgbà. Mo kọ "Mama." Áàpù ní kí n kọ ohun tó gbà á fún. Àǹtí ti ní kó kúrú, kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ "Kola for Mama." Láràárọ̀, Kola for Mama. Lọ́jọ́ tí bàbá àgbà kan fi ọmọlanke rẹ̀ bá wa kó ààrò, mo kọ "Kola for Baba."

Mo rò pé mo ṣe é dáadáa ni. Mo rò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Àwọ̀ pupa

Ìdí agbada ni mo wà nígbà tí fóònù dún. Gbogbo owó obì ti pọ́n, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà nísàlẹ̀, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi. Wọ́n ní ìnáwó kan ṣoṣo ni mo ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kì í fún ìyá àti bàbá òṣìṣẹ́ lówó. Wọ́n tún ní àwọn mọ̀ pé bí a bá ní "kola" ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ là ń sọ, kí n ṣàlàyé ẹni tí mo ń fún lábẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ti ti akáńtì mi pa. Àti èyí tó pọ́n o, àti èyí tó ti di àwọ̀ ewé tí ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ ti kọjá tí n kò tíì rí owó rẹ̀ o, kọ́bọ̀ kan kò ní jáde.

Mo pe Àǹtí Bísóyè.

"Morẹ́nikẹ́, ta ni Mama?"

"Màmá ni, Àǹtí."

"Ìyá tó bí ẹ?"

"Rárá o. Ìyá tó gbà mí sílé."

"Baba wá ńkọ́?"

"Ẹni tó bá wa kó ààrò."

"Obì wo lo wá ń há kiri? Ìyàwó lo lọ fẹ́ fún wa ni?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Òun náà sì dẹ ohùn sílẹ̀.

"Gbọ́. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo mọ owó obì. Bàbá mi kò gba owó lọ́wọ́ àlejò rí láyé rẹ̀ àfi kí wọ́n pè é ní obì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Nàìróbì kò mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá sì ti rí ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí ìyá náà sọ orúkọ rẹ̀, kó tẹ̀ka sí ìwé pé ó gba owó oúnjẹ àti ilé lọ́wọ́ rẹ. Bí ìwé yẹn kò bá dé kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí o máa bọ̀ wálé, kí o dá nǹkan ilé-iṣẹ́ padà."

Ọjọ́rú lọjọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo kọ ìwé náà, mo mú un lọ́wọ́ láti àárọ̀, n kò lè sọ ọ́. Bí mo bá sún mọ́ Màmá, á ní kí n gba àkàsà jẹ, ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ń pọ́n sí ewé níbẹ̀. Mo jẹ àkàsà mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn nítorí ìbẹ̀rù. Ìwé yẹn ni mo ń wò títí gàrí agbada kan fi jó mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn obìnrin náà sì ní, "Má-fi-igi-tútù, igi gbígbẹ náà ti pọ̀ jù o!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Ayọ̀ pè. Ilé ìwòsàn ti béèrè bóyá a ṣì ń bọ̀. "Kí ni kí n sọ fún wọn?" Mo ní kó sọ pé à ń bọ̀. Ó ní, "Ó dáa." Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo gbọ́ Ayọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń lu ìdérí ìkòkò mọ́ ilẹ̀, gbàgà, gbàgà, nítorí pé kò mọ̀ pé ó ń pariwo.

Orúkọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo fi owó obì sábẹ́ àwo bí ìṣe mi, mo sì kúnlẹ̀ níwájú Màmá níbi tó ti ń yan gàrí. N kò kí i. Mo kàn sọ ọ́.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Kí lorúkọ yín?"

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró nínú agbada.

"Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Áàpù ni, Màmá."

"Ta ni Áàpù? Ọmọ ilé ibo ni?"

Ífẹ́tì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé: pé ó wà nínú fóònù, pé òun ló ń dá owó padà fún wa, pé kò gbà pé obì ni obì, pé ó fẹ́ kí Màmá tẹ̀ka síwèé pé òun ta oúnjẹ àti yàrá fún mi.

"Pé mo ta kí ni?"

"Oúnjẹ, Màmá. Àti yàrá."

Ojú rẹ̀ pa dé bí ilẹ̀kùn. "Kí wọ́n kọ ọ́ síwèé, kó wà ní Èkó, pé mo ta ilé mi fún àlejò." Ó dìde, ó wọlé lọ.

N kò dìde. Kí ni mo fẹ́ dìde lọ ṣe? Mo ń wo ìwé ọwọ́ mi, mo ń rò ó pé mo ti sọ iṣẹ́ nù, mo ti sọ owó etí ọmọ nù, mo sì ti bú obìnrin tó bọ́ mi. Gàrí ń jó. Kò sí ẹni tó rò ó.

Nígbà tí Màmá jáde, gèlè àtijọ́ kan ló mú dání, ó ta á ní kókó. Ó jókòó, ó tú u. Owó sẹ́fà ni, ẹgbẹ̀rún méjì méjì, tí wọ́n ká bákan náà. Mẹ́sàn-án. Ó fi ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn lé e, ó di mẹ́wàá.

"Ọjọ́ tí o dé lo sọ ti etí ọmọ ẹ fún mi," ló wí. "Mo ń tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ ni mo fẹ́ kó o fún ẹ, kí n ní kí o fi ra obì fún un. Ṣé o rò pé obì máa ń lọ kó má bọ̀ ni?" Ó kó o sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Sọ fún Áàpù pé obì ti padà."

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ yẹn, n kò ní kọ ọ́.

Lẹ́yìn tí mo dákẹ́ ni Màmá ní, "Ọmọ́tóyè." Mo wò ó. "Orúkọ tí o bèèrè. Àwọn tó ń fi pè mí ti kú tán. Pè é kí n gbọ́."

"Màmá Ọmọ́tóyè."

"Orúkọ ni mo ní kí o pè, o tún gbé màmá lé e."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣòro ju kíkọjá ẹnubodè lọ. Mo dojú bolẹ̀, mo ní, "Ọmọ́tóyè."

"Hẹ̀ẹ́n," ló dáhùn, pẹ̀lú ohùn kékeré kan, bí ọmọbìnrin tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ló na àtàǹpàkò sí mi. "Mú ìwé náà wá. Bó bá jẹ́ pé òun ló máa gba iṣẹ́ ẹ là, màá tẹ̀ ẹ́. Ojú ni yóò tì mí, kò ní pa mí."

Èmi yóò sòótọ́. Mo rò ó. Owó ti padà sọ́wọ́ mi. Bó bá tẹ̀ka síwèé, ilé-iṣẹ́ á tún san án, á di ìlọ́po méjì, owó etí á pé, á ṣẹ́kù. Ìka rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń dúró. Gàrí funfun kún ìlà rẹ̀.

Mo ká ìwé náà, mo tì í sínú iná ààrò.

Mo ṣí áàpù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, Kola for Mama, Kola for Mama, títí dé ti Bàbá, tí owó rẹ̀ kò padà, èyí tí mo gbà kó jẹ́ àdánù tèmi. Áàpù béèrè ìdí tí mo fi ń yọ wọ́n. Àǹtí ti ní kó kúrú. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé obì ti padà sílé. Lẹ́yìn náà mo rò pé ẹni tó wà ní Nàìróbì náà ní ìyá, mo bá pìtàn fún un: mo kọ ohun tí obì jẹ́, mo kọ ìdí tí Màmá kì í fi í gba owó, mo kọ ìdí tí n kò fi mọ orúkọ rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́, mo sì dúró.

Ọjọ́ Ẹtì lọ, wọn kò ní kí n máa bọ̀ wálé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ, Àìkú lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, àwọn àwọ̀ ewé tó kù ṣí, owó ilé àlejò àti ti ọkọ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ló bá a wá láti Nàìróbì: "Ẹ bá mi kí Mama." Àǹtí Bísóyè pè mí, ó ní, "Ìtàn lo lọ pa fún áàpù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "O ṣeun."

Sùúrùlérè

Ọjọ́ pé, a gbé Ayọ̀ lọ. Wọ́n ní etí òsì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, pé ti ọ̀tún ń gbọ́ bí ohùn bá lọ sókè, pé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí á ràn án lọ́wọ́, a sì ní láti máa tu owó rẹ̀ jọ. Ó dáa. Ó kéré tán, a ti mọ ohun tí à ń bá jà.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wò ó, a kọ́kọ́ sanwó. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé mú bíìrò.

"Orúkọ ẹni tó sanwó?"

Bàbá Ayọ̀ ti fẹ́ dáhùn. Mo fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kọ Ọmọ́tóyè."

"Ọmọ́tóyè kí ni?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, mà."

Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo ya rìsíìtì náà ní fọ́tò, n kò fi sínú áàpù kankan. Ífẹ́tì ni mo fi ránṣẹ́ sí, mo ní kó kà á fún Màmá.

A ṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ìdáhùn dé. Ohùn ni wọ́n gbà sílẹ̀. Mo gbé e sókè pátápátá, mo sì fi fóònù sí etí ọ̀tún Ayọ̀ kí èmi náà tó gbọ́ ọ. Agbada ń dún lẹ́yìn, ẹ̀rín àwọn obìnrin wà níbẹ̀, Màmá sì pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun kọjá ẹnubodè:

"Ta ló ń pe orúkọ mi ní Èkó?"

Ayọ̀ yí orí.